EMG àti EEG: kí ló dé tí coherence kò jáde láàárín 15 sí 30 Hz?

Ìbéèrè (Agbowó, Ìbàdàn):
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Bí ọpọlọ ṣe ń pàṣẹ fún iṣan ọwọ́ ni mò ń wò: mò ń wá coherence (bí àmì ọpọlọ àti ti iṣan ṣe bára mu tó) láàárín 15 sí 30 Hz (iye ìyípo ní sẹ́kọ́ńdì kan), àmọ́ kò jáde. Ẹni náà á fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún fún nǹkan mú fún ìṣẹ́jú 2. EMG (àmì iná iṣan) wà lórí iṣan àárín ìka méjèèjì, EEG (àmì iná ọpọlọ) ní C3 (apá òsì orí, lókè ibi tó ń darí ọwọ́ ọ̀tún), mo sì ń ka méjèèjì ní ìgbà 1000 ní sẹ́kọ́ńdì kan (1000 Hz). Mo fi fílítà 20 sí 450 Hz sẹ́ EMG, mo sọ iye òdì rẹ̀ di rere, mo tún fi fílítà 6 Hz mú un jọ̀lọ̀. Nínú coherence tó jáde, 50 Hz nìkan ló ga fíofío. Níbo ni mo ti ṣì í?

Èsì 1:
Àbúrò, fílítà 6 Hz yẹn ló jẹ ẹ́ run. Ohun tó ju 6 Hz lọ ló ń gé dànù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ohun tí ò ń wá wà. Ẹni tó fẹ́ mọ bí iṣan ṣe ń le tó bí èèyàn ṣe ń rìn ló wúlò fún. Yọ ọ́. Ti 20 Hz kò burú, àfi kó ṣáájú: tí o bá ti sọ òdì di rere, bí àwọn ẹ̀ka iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà á tún padà hàn ní Hz ìsàlẹ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ fara mọ́ sísọ òdì di rere. Ṣe é lọ́nà méjèèjì, kí o fi wéra. Filtfilt (àṣẹ kọ̀ǹpútà tó ń sẹ́ àmì síwájú àti sẹ́yìn) ni kí o lò, kí fílítà má baà fa àmì sẹ́yìn.

Èsì 2:
50 Hz yẹn, iná ni, kì í ṣe ọpọlọ. Ó wọ okùn méjèèjì ló ṣe jọ pé wọ́n bára mu. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ tàn, fílítà tó gé 50 Hz nìkan lè tàsé rẹ̀, torí ìyára rẹ̀ ń yí bí ẹrù ṣe ń wọ̀ ọ́. Bátìrì lápútọ́ọ̀pù ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fá irun, ẹ fi sípírítì nu awọ, kí electrode EMG méjèèjì (ohun tó ń gba àmì lórí awọ) jìnnà síra ní 2 cm, kí ground (electrode tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀) wà lórí egungun.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo fi gbà á.

Èsì 1:
Háà, ìṣòro mìíràn tún nìyẹn. Tí aago wọn bá fi ìdá 1 nínú 10,000 yàtọ̀, ní ìṣẹ́jú 2 ó ti di 12 ms (ìdá 12 nínú 1000 sẹ́kọ́ńdì). Ìyípo kan ní 20 Hz kò ju 50 ms lọ. Fi àmì kan náà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ méjèèjì níbẹ̀rẹ̀ àti lópin, kí o fi tún aago ṣe. Lẹ́yìn náà, gé e sí sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan: ọ̀nà 120. Góńgó coherence tí kò bá ju 0.025 lọ, má kà á sí, torí ó lè jẹ́ èèṣì lásán.