Ara yíyún yìí ti sú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ara ti ń yún mi, á lé wúruwùru bíi pé ẹ̀fọn ló jẹ mí. Láàárọ̀ àná, ètè mi wú débi pé mi ò lè mu ẹ̀kọ. Cetirizine, oògùn ara yíyún, ò ràn án mọ́. Dókítà ní mast cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìdáàbòbò kan nínú awọ ara, ló ń tú histamine, èròjà tó ń fa yíyún, jáde, pé IL-4 àti IL-13, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń mú kí ara pèsè IgE, ìyẹn èròjà ìdáàbòbò ara tó ń lẹ̀ mọ́ mast cell náà. Ó dárúkọ abẹ́rẹ́ méjì: omalizumab tó ń mú IgE so, àti dupilumab tó ń dènà ìránṣẹ́ méjèèjì yẹn. Owó wọn kì í ṣe kékeré! Ta ló ti gba èyíkéyìí níbí? Ọ̀sẹ̀ mélòó ni kó tó rọlẹ̀?