Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: àwo neoclassical power metal tuntun wo ló yẹ kí n gbọ́?

Etí_Ò_Kún:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Rising Force tí Yngwie Malmsteen ṣe ní 1984 àti Visions ti Stratovarius tó jáde ní 1997, mo ti gbọ́ àwọn méjèèjì débi pé mo lè fi ẹnu pe sólò inú wọn látòkèdélẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń jáde láti 2021 síbí, mi ò mọ ibi tí màá gbé e gbà. Neoclassical ni mo sọ o, metal tó ń gba ohùn orin àtijọ́ Yúróòpù, irú ti Bach, kì í ṣe èyí tó jẹ́ pé idà àti dírágónì nìkan ni wọ́n ń pariwo ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn to orúkọ sílẹ̀ fún mi, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kó sọ ohun tétí ẹ̀ gbọ́.

Gìtá_Ò_Sinmi:
Ọ̀dọ̀ bàbá gbogbo wọn ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ jàre. Parabellum, Malmsteen, 2021. Orin 10 ló wà níbẹ̀, mẹ́rin péré ni wọ́n kọ ohùn sí, òun fúnra ẹ̀ ló sì kọ ọ́, ìyókù gìtá ló ń dá sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ arpeggio, nóòtù kọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gòkè tó ń sọ̀ láìmí lo fẹ́ràn nínú Rising Force, wàá gbọ́ ọ yó. Ọkùnrin yẹn ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọwọ́ ẹ̀ ò tíì wúwo.

Ìlù_Ẹsẹ̀_Méjì:
Ọwọ́ ẹ̀ ò wúwo lóòótọ́, etí èmi tó gbọ́ ọ ló wúwo 😂 Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ẹni tó ń béèrè. Gìtá ti gun orí gbogbo nǹkan nínú àwo yẹn, ohùn ń dún bí ẹni tó wà ní yàrá kejì, bẹ́ẹ̀sì, àfi kéèyàn máa wá a kiri. Nígbà tó máa fi di orin kẹrin mi ò mọ èyí tí mò ń gbọ́ mọ́, torí eré kan náà ni gbogbo wọn ń sá. Sólò pọ̀, orin ló ṣọ̀wọ́n.

Gìtá_Ò_Sinmi:
Ìwọ náà, ṣebí ìlù nìkan lo máa ń gbọ́. Ẹni tó fẹ́ gbọ́ gìtá ló béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kíbọ́ọ̀dù:
Ẹ má jà. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ibi témi àti àwọn onígìtá ti máa ń pínyà rèé: eré sísá kọ́ ló ń sọ orin di neoclassical. Bí kọ́ọ̀dù ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn ni. Harmonic minor yẹn, ìtò nóòtù tí wọ́n máa ń lò, nóòtù keje ni wọ́n gbé sókè díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fa orin padà sílé tipátipá, kí kọ́ọ̀dù diminished, èyí tó máa ń dún bí ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, wá gba àárín kọjá, kí bẹ́ẹ̀sì máa fo márùn-ún márùn-ún lọ bí Vivaldi àti Bach ṣe máa ń ṣe é. Ẹ tún fetí sí ibi tí gìtá bá ti di nóòtù kan mú, tó ń padà sórí ẹ̀ ṣáá bí àwọn yòókù ṣe ń kọjá, pedal tone nìyẹn, ó kún inú iṣẹ́ Bach. Ẹ ta gbogbo ẹ̀ ní ìwọ̀n ìdajì eré, á ṣì jẹ́ neoclassical. Tí ìyẹn ò bá sí níbẹ̀, kẹ́nì kan ta gìtá títí okùn á fi já, power metal lásán ni.

Ó kan Survive ti Stratovarius, 2022. Jens Johansson tó tẹ kíbọ́ọ̀dù nínú Rising Force tí àbúrò wa fẹ́ràn yẹn, òun náà ló wọ Stratovarius, Episode ti 1996 ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀. Timo Tolkki ti lọ láti 2008, Matias Kupiainen ló ń ta gìtá báyìí. Eternal ti 2015 ni àwo tí wọ́n kọ lákọ̀tun gbẹ̀yìn kí Survive tó dé, ẹ ò rí i pé ebi ti pa wá tipẹ́. Ègbè inú ẹ̀ dùn, Kotipelto akọrin wọn ṣì ń gbé ohùn sókè, àmọ́ ẹni tó bá ń wá Visions níbẹ̀ ò ní rí i. Gìtá ẹ̀ wúwo, ó ti sún mọ́ metal òde òní, inú sólò ni neoclassical ti ń yọjú, níbi tí gìtá àti kíbọ́ọ̀dù ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn. Voice of Thunder ló kẹ́yìn, ó lé ní ìṣẹ́jú 11, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Òru_Ò_Sùn:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ dé ibí yìí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ GALNERYUS?? Ó burú o. Between Dread and Valor, 2023. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n ń ṣàlàyé lókè yẹn, àwọn ará Japan yìí ló ń ṣe é láìgbàgbé. Syu máa ta sólò, Yuhki máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì á pa pọ̀ ta ohùn kan náà, ọ̀kan lókè ọ̀kan nísàlẹ̀, kó o tó mọ̀ ègbè ti já lù ẹ́. Eré wọn pọ̀ o, mi ò ní parọ́, àmọ́ inú eré yẹn gan-an wàá rí orin tó o lè máa kọ lọ lẹ́nu. Japanese ni wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù, èmi ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ kò sì dí mi lọ́wọ́. Tó o bá fẹ́ mọ ìdí tí mo fi ń pariwo, gbọ́ Angel of Salvation tí wọ́n ṣe ní 2012, orin tó jẹ́ orúkọ àwo yẹn, wọ́n mú ohùn inú concerto fayolíìnì Tchaikovsky wọ inú ẹ̀, kò sì dún bí nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìlù_Ẹsẹ̀_Méjì:
Mo fọwọ́ sí i. Onílù wọn ò sì kàn ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ fún akọrin.

Adáhunṣe_Orin:
Rhapsody of Fire ńkọ́? Challenge the Wind, 2024. Giacomo Voli lóhùn gan-an, ègbè wọn kún fọ́fọ́, orin kan wà níbẹ̀ tó tó ìṣẹ́jú 16.

Òru_Ò_Sùn:
Ẹni tó ní òun ò fẹ́ idà àti dírágónì lo fẹ́ fún ní Rhapsody 😂😂

Adáhunṣe_Orin:
Kó di etí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀, kó máa gbọ́ ohùn. Àmọ́ ṣá o, láti ìgbà tí Luca Turilli onígìtá wọn ti bá tiẹ̀ lọ ní 2011, ọ̀dọ̀ Alex Staropoli ni gbogbo ẹ̀ wà, kíbọ́ọ̀dù òun àti ègbè rẹpẹtẹ ló ń darí orin, gìtá ń tẹ̀ lé e ni. Fún ohun tó ń wá, mi ò ní fi ṣe àkọ́kọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Kíbọ́ọ̀dù:
Ẹ fi ọ̀kan kún un fún mi. Symphony X ò tíì ṣe àwo láti Underworld ti 2015, ṣùgbọ́n Michael Romeo onígìtá wọn gbé War of the Worlds, Pt. 2 jáde ní 2022 lórúkọ ara ẹ̀. Dino Jelusick ló kọrin sí i. Romeo ta gìtá, ó to gbogbo ohùn okẹ́sítírà, ó tún fi ọwọ́ ara ẹ̀ ta oud àti saz, ohun èlò olókùn ni méjèèjì. Ó jìnnà sí Vivaldi, orin fíìmù ló sún mọ́ jù, àwọn kan á ní kì í ṣe neoclassical mọ́. Lójú tèmi, nínú gbogbo èyí tá a dárúkọ, òun ló fi ọgbọ́n to orin jù. Kò ṣeé gbọ́ níbi tí ariwo bá wà, wá íápíìsì gidi.

Gìtá_Ò_Sinmi:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ti Romeo yẹn bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò lẹ́yìn Parabellum o. Kó gbọ́ èyí tí wọn ò kọ ohùn sí nìkan.

Etí_Ò_Kún:
Ẹ ṣeun gan-an ni gbogbo yín. Galneryus ni mo kọ́kọ́ dì mú, mo ṣì wà ní ìlàjì àwo yẹn. Háà, àwọn èèyàn yìí ò rẹ̀ wọ́n ni? Akọrin yẹn, ṣé òun náà ló ń kọrin látilẹ̀? Torí mo gbọ́ orin wọn àtijọ́ kan, ohùn yẹn yàtọ̀ pátápátá.

Òru_Ò_Sùn:
Rárá o. Yama-B ló ń kọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀, Masatoshi Ono dé ní 2009. Tó o bá fẹ́ ohùn Ono nìkan, Resurrection ti 2010 ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ kó o máa bọ̀ níwájú.