Ṣé àìnígbàgbọ́ ni bí mi ò bá lè gbàdúrà ìwòsàn mọ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo sì ń pa á rẹ́. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí ọkọ mi ti ń ṣàìsàn. Jẹjẹrẹ ni. Àwọn dókítà ti ṣe èyí tí apá wọn ká, oògùn tó ń dín ìrora kù ni wọ́n ń fún un báyìí. A ti gbààwẹ̀, a ti ṣe ìṣọ́ òru, wọ́n ti fi òróró kùn ún lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àgbà ìjọ kan wá kí wa. Ó jókòó ti ibùsùn, ó ní kí ọkọ mi yẹ ara rẹ̀ wò, pé ẹ̀ṣẹ̀ kan ní láti wà tí kò tíì jẹ́wọ́. Ọkọ mi ò fèsì. Nígbà tí wọ́n lọ tán ló bi mí pé, "Ṣé ìwọ náà rò bẹ́ẹ̀?" Mi ò lè gbàgbé ojú tó fi wò mí.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀, "Olúwa, wò ó sàn" kì í jáde lẹ́nu mi mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni "Olúwa, jẹ́ kó sùn mọ́jú." Ṣé àìnígbàgbọ́ nìyẹn? Kí sì ni ìyà yìí wà fún gan-an? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ fún mi pé kí n ní sùúrù.

Olùkọ́ Bíbélì
Ẹ kú aájò, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti àgbà yẹn, torí Jésù fúnra rẹ̀ ti dáhùn rẹ̀. Ní Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, wọ́n béèrè ẹni tó ṣẹ̀, ṣé òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Sílóámù wó pa ènìyàn 18, ó ní wọn kì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀ ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù. Ọjọ́ méje tọ̀sán-tòru ni wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Lójú tèmi, ọjọ́ méje yẹn ni wọ́n ṣọ̀rẹ́ jù. Nígbà tí wọ́n lanu, ohun tí àgbà yín sọ ni wọ́n sọ. Ní orí 42, Ọlọ́run bínú sí wọn, ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa òun bí Jóòbù ti sọ. Jóòbù tó fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ bú nìyẹn o! Ẹ ka ibẹ̀ fún bàbá.

Arákùnrin kan
Èmi náà ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà yẹn. Àmọ́, arábìnrin mi, ẹ má jáwọ́. Jákọ́bù orí 5 ní àdúrà ìgbàgbọ́ yóò gba aláìsàn là. Ẹ máa kéde Jeremáyà 29:11 lé e lórí láràárọ̀.

Opó kan
Arákùnrin, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú yín sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹsẹ 10 mọ́ ẹsẹ 11. Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó nígbèkùn lọ sí Bábílónì, 70 ọdún ló sì dá fún wọn. Ẹni tó ti pé 40 ọdún nígbà tó gbọ́ lẹ́tà yẹn mọ̀ pé òun ò ní fojú rí ìpadàbọ̀. Ìlérí òtítọ́ ni, síbẹ̀ kì í ṣe ìlérí pé ọ̀la ni.

Pọ́ọ̀lù tí aṣọ ara rẹ̀ ń wo aláìsàn sàn ní Ìṣe orí 19 náà ló fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ ni èsì tó gbà, ẹ̀gún náà ò kúrò. Ní Ìṣe orí 12, Hérọ́dù fi idà pa Jákọ́bù arákùnrin Jòhánù, áńgẹ́lì sì yọ Pétérù nínú ẹ̀wọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àwọn tó fẹ́ràn Jákọ́bù ò mọ àdúrà gbà.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọkọ mi ti lọ. Títí dé òpin ni mo ń kéde ìwòsàn, mi ò jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ ikú, mo rò pé bí a bá sọ ọ́, a ti sẹ́ Ọlọ́run nìyẹn. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a lẹ́kun. Mi ò mọ ohun tó fẹ́ sọ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí tiyín sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ Bíbélì
Ọ̀rọ̀ opó yìí ju tèmi lọ. Ní ti ohun tí ìyà wà fún: Róòmù orí 5 ní ìpọ́njú ń mú sùúrù wá, títí ó fi dé ìrètí. Ohun tí Ọlọ́run lè fi ìpọ́njú ṣe ni Pọ́ọ̀lù ń sọ níbẹ̀, kò sọ pé torí rẹ̀ ló ṣe rán jẹjẹrẹ sí ẹnikẹ́ni. Jóòbù pàápàá ò gbọ́ ìdí tirẹ̀. Ẹ wá wo orí 8: gbogbo ẹ̀dá ń kérora bí ẹni tó ń rọbí, àwa náà ń kérora, Ẹ̀mí Mímọ́ sì ń fi ìkérora tí ẹnu ò lè sọ bẹ̀bẹ̀ fún wa. "Jẹ́ kó sùn mọ́jú" wà nínú ìyẹn. Ohun tí a sì ń retí níbẹ̀ ni ìràpadà ara wa, àjíǹde nìyẹn. Ara tí àrùn yìí ń jẹ yìí gan-an ni Ọlọ́run ò ní gbàgbé. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún kó tó dé ibi ibojì.

Ẹni tó béèrè
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará mi. Mo ka Jóòbù 42 fún un lánàá, ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá àdúrà kan wà nínú Bíbélì tí kò parí sí ìyìn, torí agbára ìyìn ò sí lára òun báyìí.

Opó kan
Ó wà. Orin Dáfídì 88. Inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ "Ọlọ́run ìgbàlà mi" ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé Bíbélì sílẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọ.