Satoshi: kọ́bọ̀ ni, àbí wóró?

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká máa pe satoshi, ìyẹn ìdá kékeré nínú bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní "kọ́bọ̀ bitcoin", torí kò sẹ́ni tí kò mọ kọ́bọ̀. Ẹ̀gbọ́n, mo tọrọ gáfárà, n kò fara mọ́ ọn. Láti 1973 tí náírà ti dé, ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ ló ń jẹ́ náírà kan. Satoshi 100,000,000 ló sì wà nínú bitcoin kan ṣoṣo. Ẹni tó bá gbọ́ kọ́bọ̀, ọgọ́rùn-ún ni yóò fi pín in, ìṣirò rẹ̀ á sì wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ní Táńkẹ̀, n'Ílọrin níbí, àbúrò mi fi fóònù rẹ̀ han Màmá. Bitcoin 0.00025 ló wà lójú rẹ̀. Màmá ka òdo, ó tún un kà, ó ní, "Òfo nìyí kẹ̀." Àbúrò mi tẹ ibì kan, ó yí i sí satoshi, 25,000 jáde. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀: "Ọ̀kẹ́ kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta! Kí ló dé tí o ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?" Owó kan náà ni o.

Bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ náà nìyẹn. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń kà á gòkè: ogójì ẹyọ lórí okùn kan, àádọ́ta okùn ní ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá ní ọ̀kẹ́. Bitcoin kan á wá jẹ́ ọ̀kẹ́ 5,000 satoshi.

Wóró ni èmi fà kalẹ̀. Ẹni tó bá ti pa ọkà bàbà rí mọ bí wóró ṣe kéré tó, ó sì mọ̀ pé òun náà ló ń kún àpò. Ẹnìkan dábàá "ẹyọ", ṣùgbọ́n bí mo bá ní "ẹyọ kan", odidi bitcoin lẹlòmíì máa gbọ́. Kí satoshi máa jẹ́ orúkọ rẹ̀, torí orúkọ tí ẹni tó gbé ètò náà jáde ní 2008 ń jẹ́ ni, Satoshi Nakamoto. Ká wá máa fi wóró ṣàlàyé rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì fẹ́ kọ́bọ̀, ibì kan wà tó ti bá a mu: bit, tí í ṣe ọgọ́rùn-ún satoshi. Lọ́dọ̀ bit, kọ́bọ̀ ni satoshi lóòótọ́.

Ó ku ti Lightning, ọ̀nà tí wọ́n fi ń yára fi bitcoin ránṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń pín satoshi kan sí ọ̀nà 1,000. Èérún ni n bá pè é. Ẹ̀yin ará Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, kí lẹ ń pe ohun tó ń ya lára wóró tí wọ́n bá ń lọ ọkà?