Ẹgbẹ́ 5 ní ọdún 4: ṣé kí n ní kí ọmọ mi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ni?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Houston: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn mi ni mo gbé wá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń gbá, kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀ tí a mọ̀ nílé. Guard ni, ọ̀kan nínú àwọn géńdé 5 tó ń dúró níwájú quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí wọ́n má bàa dà á wó. Kò sí ẹgbẹ́ tó mú un ní draft, ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, àmọ́ láàárín ọdún 4 ó ti wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ 5. Fìlà oríṣiríṣi kún ilé mi bí ẹni ń ta fìlà. Bí wọ́n bá bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹgbẹ́ wo ló wà báyìí, mo ní láti kọ́kọ́ ronú.

Lóṣù kẹjọ, èèyàn 90 ló wà ní camp, ibi ìgbaradì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣẹ́ wọn kù sí 53, orúkọ tèmi ò sí níbẹ̀. Àpótí rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, kò tú u. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sábà máa ń pe irú wọn wá dánwò, nítorí náà tó bá ti di Ìṣẹ́gun, fóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ iyán, á máa bù ú jẹ láìwo ọbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé e wọ bàálù lọ, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló padà. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ ṣe másítáàsì. Òun ní ọdún kan sí i. Ọdún 2 ló ní nínú ìṣirò pẹ́ńṣàn. Kí ni kí n sọ?

Bàbá Ìbejì, Maryland: Màmá, ẹ má tíì lé e kúrò níbẹ̀! Ọdún 3 ló ń sọni di ẹni tó máa gba owó ìfẹ̀yìntì NFL, líìgì bọ́ọ̀lù wọn. Tó bá sì ti wà lórí ìwé ẹgbẹ́ fún eré 3 péré, tàbí lórí ìwé àwọn tó fara pa, wọ́n á ka ọdún yẹn fún un. Ìṣègùn ọdún 5 lẹ́yìn tó bá kúrò náà wà níbẹ̀. Practice squad, àwọn tó ń bá ẹgbẹ́ ṣe ìdánrawò láìsí lára 53 yẹn, nìkan ò lè gbé e débẹ̀. Kó pe NFLPA, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, fúnra rẹ̀, kí wọ́n kọ iye ọdún rẹ̀ sínú ìwé fún un.

Àbúrò Dallas: Practice squad náà kì í ṣe ìyà o. Ní 2024, 12,500 dọ́là ló kéré jù lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ 18, 225,000! Adewale Ogunleye náà ò rẹ́ni mú un ní draft 2000. Ní 2003, ìgbà 15 ló da quarterback wó (sack) fún Miami.

Bàbá Ìbejì, Maryland: Ogunleye kan nínú mélòó? Ọ̀sẹ̀kọ́sẹ̀ ni wọ́n lè yọ ọ́. Yọ owó orí, yọ ti agent, yọ rẹ́ǹtì ìlú tí kò gbé mọ́, kóo tún wá ṣirò ẹ̀.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Atlanta: Ẹ̀ ń ka owó, kò sẹ́ni tó béèrè orúnkún. Ní 2022, Larry Ogunjobi, agbábọ́ọ̀lù NFL, ti bá ẹgbẹ́ Chicago Bears fẹnu kò sí ọdún 3, 40.5 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹsẹ̀ tó ṣe léṣe lóṣù kìíní ni dókítà wọn wò, àdéhùn náà fọ́. Lóṣù kẹfà ló tó rí ọdún kan gbà ní Pittsburgh. Màmá, kó gba fáìlì ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ márààrún. Ìka rẹ̀ ńkọ́?

Géńdé Ìlà Iwájú: Mo gbá a dé yunifásítì, mi ò dé ibi tó dé. Ìbéèrè kan: ṣé ó lè ṣe center, kó máa ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láàárín itan? Lọ́jọ́ eré, ẹgbẹ́ lè fi èèyàn 48 ṣeré tí 8 nínú wọn bá jẹ́ ará ìlà iwájú tó ń dáàbò bo quarterback. Bí wọn ò bá pé 8, 47 ni. Nítorí náà ẹni kẹjọ yẹn níyì, àmọ́ kì í ṣe ẹni tó mọ ipò kan ṣoṣo. Guard lásán pọ̀ bí yanrìn.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Houston: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ìka ọmọńdinrín ti wọ́, kò gba òrùka mọ́. Ó ti pe NFLPA. Ó ní òun ti ju bọ́ọ̀lù yẹn rí ní camp kan, àmọ́ kò dán mọ́rán. Bàbá rẹ̀ tí kì í bá a sọ̀rọ̀ ti wà ní bákíyáàdì láti àárọ̀, ó lóṣòó sẹ́yìn rẹ̀, ó ń gba bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù kejì gbá a ní igẹ̀, ó ní kó tún un jù.