Ẹ sọ ìrírí yín pẹ̀lú Arduino, ESP32 àti àwọn bọ́ọ̀dù kékeré bẹ́ẹ̀

Ọmọ Kábbà:
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ti táǹkì omi ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Bí iná bá dé lóru, wọn á tan pọ́ńpù, oorun á gbé wọn lọ, omi á máa ṣàn dànù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹnì kan tó ń tún fóònù ṣe ló fi Arduino Uno hàn mí, bọ́ọ̀dù kékeré tí à ń kọ àṣẹ, ìyẹn kóòdù, sínú rẹ̀ kó lè máa darí nǹkan. Mo wò ó, kò tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo ní ṣé èyí ni yóò dá pọ́ńpù dúró?

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kò bá nẹ́tíwọ̀kì ṣe. Iná ìbáà lọ, kóòdù tí ẹ kọ sínú rẹ̀ kì í parẹ́. Bí iná bá ti dé, iṣẹ́ yá nìyẹn. 32 KB péré ni àyè tó ní fún kóòdù, ṣùgbọ́n kí ni táǹkì omi fẹ́ fi èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣe?

HC-SR04, sẹ́nsọ̀ tó ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó, la kọ́kọ́ gbé síbẹ̀, èyí tó lójú méjì bí òwìwí. Ojú kan ń ké ìró tí etí èèyàn kò gbọ́, èkejì ń dúró de ìró náà kó padà. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó dé ni bọ́ọ̀dù fi ń mọ ibi tí omi wà. Lórí tábìlì, kò lẹ́gbẹ́. Nínú táǹkì, oru omi di ìrì sí i lójú, ló bá bẹ̀rẹ̀ irọ́: táǹkì gbẹ, ó ní ó kún! A fi JSN-SR04T tí omi kì í wọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni ìyẹn ní, kì í sì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí náà a ní kí pọ́ńpù kú nígbà tí omi bá ku 30 sẹ̀ǹtímítà kó kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so pọ́ńpù mọ́ ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù, ibi tí à ń so wáyà mọ́, o. Iná díẹ̀, 20 mA, ni kí ẹ mọ ẹsẹ̀ kan mọ. Bọ́ọ̀dù ń rán relay, swíìṣì kékeré tí iná ń tàn, níṣẹ́, relay ń rán kọ́ńtátọ̀, swíìṣì ńlá, kọ́ńtátọ̀ ló ń gbé iná pọ́ńpù. Oníṣẹ́ iná ló so apá yẹn, èmi ò fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ṣì ń jí yẹ̀ ẹ́ wò. "Olójú kan" ni wọ́n ń pè é.

Ará Ìsánlú:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. ESP32 lèmi ń lò nítorí Wi-Fi inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ so HC-SR04 mọ́ ọn, 3.3 V ni ẹsẹ̀ ESP32 ń gbà, 5 V sì ni Echo, ẹsẹ̀ tí HC-SR04 fi ń dáhùn, ń rán wá. Resistor 1k àti 2k ni kí ẹ fi bù ú kù. Bí kọ̀ǹpútà kò bá sì rí bọ́ọ̀dù, ẹ pààrọ̀ okùn USB kí ẹ tó bú bọ́ọ̀dù. Òmíràn wà lọ́jà tó jẹ́ pé iná nìkan ló ń gbé, wáyà ọ̀rọ̀ kò sí nínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjùmú:
Oko kọfí bàbá mi ni tèmi. Mo fi sẹ́nsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó ń wọn ọ̀rinrin sínú ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi jẹ, nítorí iná tó ń gba inú ọ̀rinrin kọjá láìdúró ló ń jẹ irin. Mo yí kóòdù padà kí iná máa dé ibẹ̀ kìkì ìgbà tó bá fẹ́ ka ilẹ̀, ó sì tún bá wa fà á díẹ̀. Sẹ́nsọ̀ irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní capacitive ló wà níbẹ̀ báyìí, irin rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Nọ́ńbà tí Uno ń kọ jáde, láti 0 dé 1023, ẹ̀yin lẹ máa wá ìtumọ̀ rẹ̀: mo bu ilẹ̀ gbígbẹ sí agolo, mo kà á, mo bomi sí i, mo tún kà á. Bàbá ní àwọn ò nílò agolo, wọ́n ki ìka bọ ilẹ̀.

Ọmọ Kábbà:
Ẹ bá mi kí Bàbá o. Capacitive yẹn, ṣé Lọ́kọ́ja lẹ ti rí i rà ni àbí ẹ ránṣẹ́ sí Èkó?