ZX80 tí mo fọwọ́ ara mi jó fún Bàbá mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹni tó ní ká wá sọ ìrírí wa lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tá a fọwọ́ ara wa tò, tèmi rèé, ó máa gùn díẹ̀ ẹ jọ̀ọ́.

London ni Bàbá mi wà tí wọ́n ń kàwé nígbà tí ilé iṣẹ́ Clive Sinclair ní Cambridge gbé kọ̀ǹpútà ZX80 jáde lọ́dún 1980. £99.95 ni wọ́n ń ta èyí tí wọ́n ti tò parí, èyí tó o máa fúnra ẹ jó, ìyẹn kó o fi òjé yíyọ́ lẹ àwọn ẹ̀yà ara ẹ̀ mọ́ board, jẹ́ £79.95, owó kékeré sì nìyẹn fún kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn. Èyí tí wọ́n máa jó fúnra wọn ni Bàbá rà, inú yàrá wọn ni wọ́n ti jó o, wọ́n sì gbé e wá sílé ní Ìbàdàn nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Ìgbà tá a fi máa gbọ́njú, ẹ̀gbọ́n mi ti tú u palẹ̀ pátápátá. Ohun tí gbogbo ilé sì gbà ni pé bíbàjẹ́ ni kinní yẹn ti bàjẹ́ wá láti London, torí Màmá máa ń sọ pé Bàbá ò ní tíì tẹ bọ́tìnì kan tán tí ojú tẹlifíṣàn tí wọ́n so mọ́ ọn á fi ṣẹ́jú, á ṣókùnkùn, á tún là. Bàbá ní bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Àbúrò wọn tó ń tún rédíò ṣe tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ pé jíjó tí wọ́n jó o ni ò dáa.

Èmi náà ti wà ní London báyìí. Nígbà tó ku oṣù mélòó kan kí Bàbá pé 70 ni mo ní màá tò ó padà fún wọn. Ẹ ò lè fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ẹ̀ pẹ̀lú ZX81 tó tẹ̀ lé e, torí chip mẹ́rin péré ló wà nínú ìyẹn, àkànṣe chip tí ilé iṣẹ́ Ferranti ṣe ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ẹ̀, ara òkú ZX81 míì lẹ ti máa yọ ọ́. ZX80 ní tiẹ̀, chip 21 ni, kò sì sí èyí tó jẹ́ àkànṣe níbẹ̀: Z80 kan tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀, ROM 4 KB tí ìtọ́ni tí kì í yí padà wà nínú ẹ̀, RAM 2114 méjì tó para pọ̀ jẹ́ 1 KB, ibi tó ń kó ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ sí, ìyókù 74LS, àwọn chip kéékèèké tó wọ́pọ̀. 1 KB o, bí ẹgbẹ̀rún lẹ́tà péré nìyẹn, ohun tí mo ti tẹ̀ látòkè yìí ò lè wọ inú ẹ̀.

Mi ò ra board tí wọ́n ti tẹ̀, wáyà ni mo fi so gbogbo ẹ̀, alaalẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo tan iná sí i, òfo, nǹkan kan ò hàn lójú tẹlifíṣàn. Mo fi mítà wọn gbogbo wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, iná ń dé ibi tó yẹ kó dé, clock tó ń darí ìṣísẹ̀ ẹ̀ ń lù, síbẹ̀ òfo ni. Màá parí ẹ̀ lálẹ́, iṣẹ́ ti ń pè mí.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Kẹ́ ẹ tó padà dé, ṣé ẹ yẹ Z80 yẹn wò? Èmi ra mẹ́ta níbí ní Èkó lọ́wọ́ ẹnì kan, wọ́n kọ 20 MHz, ìyẹn bó ṣe ń yára tó, sórí ẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá ohun tó ń ṣe board mi kí n tó fi òwú tó ní acetone nu orí chip náà, àfi bí gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣe pa rẹ́ tí òǹkà míì yọ lábẹ́ ẹ̀. Chip míì pátápátá ni, wọ́n kàn ha orí ẹ̀ tí wọ́n tún un kọ. Ó dùn mí gan-an. Látìgbà tí Zilog, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Z80, sì ti kéde lọ́dún 2024 pé àwọn ò ní ṣe Z80 onírú yẹn mọ́, lẹ́yìn tó ti wà látọdún 1976, ẹ̀rù ń bà mí pé ayédèrú á tún pọ̀ sí i.

—

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, ó ṣeun. Z80 tèmi dáa. Èmi gan-an ni mo ṣe àṣìṣe.

Wáyà kan wà lórí àwòrán circuit yẹn tó so A6, ọ̀kan lára ẹsẹ̀ tí Z80 fi ń pe àdírẹ́ẹ̀sì, mọ́ INT, ẹsẹ̀ interrupt tí wọ́n fi ń pe àkíyèsí ẹ̀. Mo wò ó wò ó, mo ní ẹni tó yà á ló ṣì í yà, kí ló máa da àdírẹ́ẹ̀sì pọ̀ mọ́ interrupt? Mo fò ó. Wáyà yẹn gan-an sì ni ẹ̀mí ẹ̀!

Ẹ wò ó, ZX80 ò ní chip kankan tó ń ya àwòrán. Z80 fúnra ẹ̀ ló ń yà á. Á máa ka àwọn lẹ́tà tó yẹ kó hàn lójú tẹlifíṣàn bíi pé àṣẹ ni wọ́n, circuit á wá gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ ẹ̀, á fi NOP rọ́pò ẹ̀, ìyẹn “má ṣe nǹkan kan”, á sì lọ mú bí lẹ́tà yẹn ṣe rí wá látinú ROM láàárín ìgbà tí Z80 ń ṣe refresh, ìyẹn àkókò ráńpẹ́ tó máa ń wà lẹ́yìn tó bá ti ka àṣẹ kan. NEWLINE tó wà ní ìparí ìlà nìkan ni circuit máa ń jẹ́ kó kọjá, nọ́ńbà ẹ̀ sì ni 118, HALT, ìyẹn “dúró”, nìyẹn lójú Z80. Á dúró síbẹ̀ gbagidi títí A6 á fi wálẹ̀ tí INT á jí i pé kó bọ́ sórí ìlà tó kàn. Èmi tí mo yọ wáyà yẹn, mo ní kó sùn, mi ò fi ẹni tó máa jí i síbẹ̀.

Mo jó wáyà yẹn pọ̀, K kékeré dúdú, àmì pé ó ń retí àṣẹ, yọ nísàlẹ̀. Mo pariwo. Mo tẹ bọ́tìnì kan, ojú tẹlifíṣàn ṣẹ́jú. Ìgbà yẹn ló tó yé mi, torí Z80 kan ṣoṣo tó ń ya àwòrán yẹn náà ló gbọ́dọ̀ lọ dá bọ́tìnì lóhùn, tó bá sì lọ, kò sẹ́ni tó ń yàwòrán nìyẹn. Kò bàjẹ́ rí.

Mo gbé e lọ sílé. Tẹlifíṣàn tuntun inú pálọ̀ ò gbà á dáadáa, ó ṣú, a lọ gbé èyí tó nídìí gbọọrọ jáde látinú yàrá ẹrù. Bàbá wọ gíláàsì wọn, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kó sọ iye tí 10/4 jẹ́. Ó ní 2, torí odidi nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Ó ń ṣẹ́jú bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Màmá wá ní, “Dádì, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o!” Bàbá ò dá wọn lóhùn, fóònù ni wọ́n mú tí wọ́n pe àbúrò wọn ọjọ́sí, wọ́n ní, “Ọmọ mi ti jó tiẹ̀ o. Ó ń ṣẹ́jú bíi tèmi.”